STAD àbí AB-QM: èwo ni kí a fi pín omi tútù nínú ilé alájà púpọ̀?

Nínú ilé ńlá tó ń lo chiller, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù kí páìpù tó gbé e lọ sí àwọn yàrá, yálà ọ́fíìsì ni tàbí òtẹ́ẹ̀lì, ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń tọ́jú ilé máa ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ní yàrá tó sún mọ́ ibi tí pọ́ǹpù wà, òtútù ń mú àlejò débi pé ó ń bèèrè bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ní yàrá tó wà ní ìparí páìpù, òógùn ń bọ́ lára ẹni tó sanwó. Wọ́n á ní kí wọ́n lọ fi gáàsì kún ti inú chiller, wọ́n á ní kí wọ́n ra pọ́ǹpù tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Ohun tó ń fà á kò fara sin. Omi kì í wá wàhálà, ọ̀nà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń gbà. Fan coil (ẹ̀rọ inú yàrá tó ń fi omi tútù àti fáànù mú afẹ́fẹ́ tutù) tó wà nítòsí pọ́ǹpù á jẹ àjẹìwẹ̀yìn, èyí tó wà lókè pátápátá lórúlé á máa lá ìyókù. Pọ́ǹpù ńlá kò lè tún un ṣe, torí àwọn tó ti yó náà ló tún máa bu èyí tó pọ̀ jù nínú àfikún náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi tó pọ̀ jù kò ṣe fan coil láǹfààní kan lọ títí: bí ẹ bá fún un ní ìlọ́po kan ààbọ̀ omi tó yẹ ẹ́, ìtutù tó máa mú jáde kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi yẹn á kàn sáré gba inú rẹ̀ kọjá, á sì padà sọ́dọ̀ chiller ní tútù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi fáàfù tó ń pín omi sẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Fáàfù méjì la fẹ́ yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni STAD tí IMI TA ń ṣe; TA yẹn ni ìkékúrú Tour & Andersson, ilé iṣẹ́ ará Sweden. Èkejì ni AB-QM ti Danfoss, ilé iṣẹ́ ará Denmark. STAD dà bí ilẹ̀kùn tí a ṣí dé ibì kan tí a sì fi nǹkan tì í mọ́bẹ̀. AB-QM dà bí adènà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ka èrò tó ń wọlé, tí kì í jẹ́ kí wọ́n ju iye tí a sọ fún un lọ, bó ti wù kí èrò tó wà níta pọ̀ tó.

Èrò wa lórí méjèèjì rèé. Ilé tí pọ́ǹpù rẹ̀ ń yára sí i tàbí rọra sáré bí ìlò bá ṣe rí, AB-QM ni kí ẹ fi sẹ́nu fan coil. Ilé tí pọ́ǹpù rẹ̀ kì í yí ìyára padà, tó jẹ́ fáàfù ẹlẹ́nu mẹ́ta (tó ń jẹ́ kí omi tí fan coil kò lò gba ẹ̀gbẹ́ kọjá) ló wà lẹ́nu fan coil, STAD tó o, ẹ má ná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n STAD tí ẹnikẹ́ni kò gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí lára, owó tí wọ́n dà sínú omi ni. Ọ̀pọ̀ ilé sì wà tí STAD tó wà níbẹ̀ ṣì ṣí gbayawu bó ṣe jáde nínú páálí rẹ̀.

Iye omi tí fan coil ń fẹ́

Ibi ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra gbé e. Omi chiller sábà máa ń jáde ní 7°C, á sì padà ní 12°C. Pẹ̀lú ìyàtọ̀ 5°C yẹn, 1 kW ìtutù kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ omi lítà 172 ní wákàtí kan. Fan coil 4 kW á wá fẹ́ lítà 688 ní wákàtí kan, ìyẹn 0.688 m³.

Fáàfù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń jẹ́ Kv. Ó ń sọ iye m³ omi tó lè gba inú fáàfù náà kọjá ní wákàtí kan bí ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ 1 bar. Tí irú STAD tó ti pẹ́ lọ́jà bá ṣí tán, Kv rẹ̀ jẹ́ 2.52 fún DN 15 (DN ni ìwọ̀n ẹnu páìpù, ní mm), 5.70 fún DN 20, 8.70 fún DN 25, 14.2 fún DN 32, 19.2 fún DN 40, àti 33 fún DN 50. Ẹ fi Kv pín ìwọ̀n omi yín, kí ẹ sì fi ohun tó bá jáde sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Èsì rẹ̀ ni prẹ́ṣọ̀ tí fáàfù máa jẹ, ní bar.

Ẹ wò ó fún fan coil 4 kW wa yẹn. Páìpù tó lọ bá a jẹ́ DN 20, èyí tí àwọn plọ́ḿbà ń pè ní three-quarter. Plọ́ḿbà á wo páìpù, á ra STAD three-quarter, ojú ìdè á ṣe régí, inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n 0.688 tí a fi 5.70 pín jẹ́ 0.12, tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kò ju 0.015 bar lọ, ìyẹn 1.5 kPa. Ẹ̀rọ ìwọ̀n nílò ó kéré tán 3 kPa kó tó lè sọ òótọ́. Fáàfù yẹn ti tóbi jù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì ní láti pa á díẹ̀ kí ó tó ṣeé kà. DN 15, ìyẹn half inch, á jẹ 7.5 kPa ní ṣíṣí gbayawu. Èyí ṣeé wọ̀n dáadáa, ó sì ṣì kù tí ẹ lè fi pa á díẹ̀. Ẹ lo reducer (ohun tó ń so páìpù ńlá mọ́ kékeré), kí ẹ fi DN 15 síbẹ̀. Ìwọ̀n omi ni kí ẹ fi yan fáàfù, kì í ṣe ìwọ̀n páìpù. Gbogbo ẹni tó bá fi páìpù yan STAD ló máa ń rí i pé lọ́jọ́ ìwọ̀n, àwọn fáàfù òun wà ní ìsàlẹ̀ ìyípo kan, níbi tí yíyí ọwọ́ díẹ̀ ti ń yí omi padà púpọ̀, tí àṣìṣe ìwọ̀n sì ti ń pọ̀ jù.

Ní ti AB-QM, ìṣirò Kv kò sí. Iye omi tó pọ̀ jù tó lè jẹ́ kó kọjá ni wọ́n fi ń yàn án. Nínú irú AB-QM tó ti pẹ́ lọ́jà, DN 15 máa ń fún ni ní lítà 450 ní wákàtí kan, DN 20 lítà 900, DN 25 lítà 1,700, DN 32 lítà 3,200. Àwọn tó jáde lẹ́yìn náà yàtọ̀, irú tó ń gba omi púpọ̀ sì wà lọ́tọ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n kọ sára fáàfù tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Fan coil 4 kW wa á gba DN 20, a ó sì yí òrùka rẹ̀ sí 76, torí 688 jẹ́ 76 nínú 100 tí a bá fi 900 ṣe odindi. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì gba irinṣẹ́ kankan: ẹ gbé òrùka náà sókè, ẹ yí i kí àmì bọ́ sórí nọ́ńbà tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sílẹ̀ kó tì.

STAD lọ́wọ́

Ohun tó wuni jù lára STAD ni ọwọ́ rẹ̀. Fèrèsé kékeré wà lórí ọwọ́ náà, nọ́ńbà méjì sì ń hàn níbẹ̀: ìyípo odindi àti ìdá mẹ́wàá ìyípo. 0.0 ni pípa, 4.0 ni ṣíṣí tán. Ẹni tó dúró lórí àkàbà nínú àjà ilé tó ṣókùnkùn lè fi tọ́ọ̀ṣì kà á láì ṣì í kà. Ara rẹ̀ jẹ́ AMETAL, irú idẹ tí zinc inú rẹ̀ kì í yọ́ jáde sínú omi bíi ti idẹ yẹpẹrẹ tó ń di hòrò-hòrò lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ó tún lè pa omi pátápátá, nítorí náà ó ń ṣe iṣẹ́ fáàfù tó ń pa omi mọ́ ti ara rẹ̀.

Ìdè inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí a máa fi yìn ín. Ẹ jẹ́ ká ní ìwọ̀n ti sọ pé 2.3 ni fáàfù yìí gbọ́dọ̀ wà. Ẹ pa á dé ìparí kí ó fi 0.0 hàn, ẹ ṣí i padà dé 2.3, ẹ yọ ìdérí kékeré tó wà láàárín ọwọ́ rẹ̀, ẹ ti Allen key 3 mm bọ ibẹ̀, kí ẹ yí ọ̀pá inú lọ sápá ọ̀tún títí yóò fi dúró. Ó tán. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹnikẹ́ni bá pa fáàfù náà láti tún fan coil ṣe, tó bá ṣí i padà, kò lè kọjá 2.3. Ẹ dán an wò lójú ẹsẹ̀: ẹ pa á, ẹ ṣí i títí yóò fi kọ̀, bí 2.3 bá hàn, ó ti dè. Níbi tí wọn ò bá ti ṣe èyí, ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó láti ba iṣẹ́ ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́, torí ẹni tó wá tún fan coil ṣe á ṣí fáàfù tán bó bá ń lọ.

Àléébù rẹ̀: ó ń fẹ́ àyè. Páìpù gbọọrọ tó gùn tó ìlọ́po 5 ìbú páìpù gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀, ìlọ́po 2 lẹ́yìn rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn pọ́ǹpù ló wà, ìlọ́po 10. Páìpù DN 50 á fẹ́ nǹkan bíi 250 mm tí kò ní ẹ́líbò, tí kò ní tee. Nínú àjà tó há, àwọn tó ń ṣe páìpù kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹ́líbò tààrà. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́rí sí ọ̀nà míì ń yí kiri nínú páìpù, prẹ́ṣọ̀ tí ihò ìwọ̀n méjèèjì ń rí kì í ṣe ti òótọ́, nọ́ńbà tó máa jáde á sì dára lójú ju bí omi ṣe rí lọ.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n tí a sì ń pín in

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n jáde, kí páìpù ti mọ́, kí wọ́n ti tú asẹ́ gbogbo fọ̀, kí atẹ́gùn ti jáde ní òkè pátápátá, kí pọ́ǹpù máa yí sí ibi tó yẹ. Ẹ ṣí gbogbo STAD tán. Ẹ fa gbogbo thermostat (ohun tí a fi ń ṣètò bí yàrá ṣe máa tutù tó) wálẹ̀ kí fáàfù oníná lẹ́nu fan coil kọ̀ọ̀kan ṣí pátápátá. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé ní títì á tan yín jẹ fún odindi ọjọ́ kan.

Ẹ ti abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bọ ihò ìwọ̀n méjèèjì, ẹ tú atẹ́gùn inú rọ́bà rẹ̀ jáde, ẹ sọ irú fáàfù, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye ìyípo rẹ̀ fún ẹ̀rọ náà, òun á sì sọ omi tó ń kọjá. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀ka kan ní fan coil 3, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó gba lítà 688. Èyí tó sún mọ́ pọ́ǹpù ń gba 1,010, ti àárín ń gba 760, ti ìparí ń gba 480. Ẹ má wo lítà, ẹ wo ìpín: 147, 110 àti 70 nínú 100. Ti 70 yẹn ló ń jìyà jù, òun sì ni ẹ ò ní fọwọ́ kàn. Ẹ padà sí ti àárín, ẹ rọra pa á títí ìpín rẹ̀ yóò fi bá ti ìparí dọ́gba. Ẹ kíyè sí i pé bí ẹ ṣe ń pa ti àárín ni ti ìparí ń gòkè, nítorí náà ẹ̀rọ ìwọ̀n kejì lára ti ìparí á gbà yín lọ́wọ́ sísá lọ sá bọ̀. Ká ní àwọn méjèèjì pàdé ní 85. Ẹ wá bọ́ sórí ti àkọ́kọ́, ẹ pa á títí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi bára dọ́gba.

Ohun tó mú kí ọ̀nà yìí ṣeé gbára lé ni pé fan coil tí ìpín wọn bá ti dọ́gba lórí ẹ̀ka kan, wọ́n jọ ń gòkè ni, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi ẹ̀ka wọn kò lè dá ìjà sáàárín wọn mọ́. Nítorí náà ẹ ó parí ẹ̀ka kan, ẹ ó lọ sí ìkejì, lẹ́yìn náà ẹ ó fi fáàfù orí ẹ̀ka mú àwọn ẹ̀ka dọ́gba, ẹ ó ṣe páìpù tó ń gòkè láti àjà dé àjà, nígbẹ̀yìn ẹ ó dé ibi pọ́ǹpù. Bí gbogbo wọn bá wà ní 115, ẹ má fi fáàfù pa á bí ẹ bá lè dín ìyára pọ́ǹpù kù: pọ́ǹpù tí ìyára rẹ̀ dín ní ìdá 20 nínú 100 lè jẹ́ kí iná tó ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Ní ilé tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ wákàtí, owó dísù ni ẹ̀ ń wò yẹn. Fan coil tó bá wà láàárín 90 sí 110 ti dára.

Níbo ni STAD ti ń kọsẹ̀?

Iṣẹ́ tí a ṣàpèjúwe yìí dára, àmọ́ orí ohun kan ló dúró lé: pé gbogbo fan coil ń gba omi lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ilé tí fáàfù ẹlẹ́nu méjì ń pa omi dé nígbà tí yàrá bá ti tutù tó, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́, ká ní ìdajì yàrá ti pa omi wọn. Prẹ́ṣọ̀ tí wọn ò lò mọ́ á já lu àwọn tó kù. Bí ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ lẹ́nu fan coil kan bá di ìlọ́po 2, omi tó ń gbà á fi ìdá 41 nínú 100 pọ̀ sí i. Bí ó bá di ìlọ́po 4, omi á di ìlọ́po 2. STAD kò mọ̀, 2.3 náà ló dúró sí. Omi tó pọ̀ jù á sáré gba inú fan coil, èyí tó yẹ kó padà ní 12°C á padà ní 9°C, chiller kejì á tan nítorí pé omi pọ̀, láìjẹ́ pé ooru pọ̀. Ẹni tó bá rí i pé chiller méjì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí ilé ò kún, kí ó kọ́kọ́ wo géèjì ooru lórí páìpù tó ń padà.

Ibẹ̀ ni AB-QM ti ń fakọ yọ. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú sípíríìńgì, prẹ́ṣọ̀ sì ń ti rọ́bà náà láti ìhà méjì. Bí prẹ́ṣọ̀ ilé bá gòkè, rọ́bà á sún, á sì fún ọ̀nà pọ̀, tó fi jẹ́ pé ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ tó kan ojú ihò tí ẹ ti ṣètò kì í yí padà. Lítà 688 tí ẹ yí i sí, òun náà ni á máa jẹ́, yálà yàrá 5 ló ń gba omi tàbí 50. Fáàfù oníná wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ ò ní ra méjì. Ó wọ́n ju STAD lọ ní ẹyọ kan, àmọ́ bí ẹ bá ro STAD pọ̀ mọ́ fáàfù oníná, mọ́ owó àwọn tó máa wá wọ̀n ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìyàtọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Bí wọ́n bá tún so àjà méjì sí i mọ́ ilé náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn AB-QM ìsàlẹ̀ kò ní nílò àtúnṣe, níwọ̀n ìgbà tí prẹ́ṣọ̀ bá ṣì tó wọn. Àwọn STAD, ẹ ó tún gbogbo wọn wọ̀n ni.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń fẹ́. Ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ tó kéré jù tó lè fi ṣiṣẹ́ jẹ́ 16 kPa fún DN 15 àti DN 20, 20 kPa fún DN 25 àti DN 32, 30 kPa fún DN 40 sókè. Bí kò bá rí i, rọ́bà inú rẹ̀ kò ní sún, á sì di fáàfù lásán bíi ti gbogbo ayé. Níbí ni àwọn tó ń rò pé AB-QM kò nílò ìwọ̀n ti ń ṣàṣìṣe. Ẹ ra èyí tó ní ihò ìwọ̀n, ó kéré tán fún fan coil tó jìnnà jù lórí àjà kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú gbogbo fáàfù ní ṣíṣí, ẹ ti ẹ̀rọ bọ ihò ti èyí tó jìnnà jù, ẹ sì máa dín ìyára pọ́ǹpù kù díẹ̀díẹ̀. Ní gbàrà tí ó bá ku díẹ̀ kó bọ́ sábẹ́ 16 kPa, ẹ dúró, ẹ gòkè padà díẹ̀, ibẹ̀ ni pọ́ǹpù yẹ kó wà.

Ọwọ́ pílásítíìkì tó máa ń bá a wá nínú páálí ń rú èèyàn lójú. Wọn ò ṣe é fún pípa omi ilé tí prẹ́ṣọ̀ wà nínú rẹ̀. 1 bar ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé e tó sì tú fan coil, omi á bá a lórí àkàbà. Ọwọ́ onírin wà tó lè dúró de 16 bar, àmọ́ ball valve níwájú àti lẹ́yìn ló dára jù.

Ohun kan tún wà tó jẹ mọ́ iná tiwa. Mọ́tò kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ orí AB-QM, irú bíi TWA-Q, kò ní jíà: ooru ló ń mú ohun inú rẹ̀ wú kí ó tó ṣí fáàfù, ó sì ń gbà á tó bíi ìṣẹ́jú 3. Èyí tó máa ń pa dé nígbà tí iná bá lọ á pa dé bí NEPA bá ti mú iná tó sì pẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, á sì tún fẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó ṣí. Kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Ní ilé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ léraléra lọ́jọ́, kí ẹ so thermostat àti mọ́tò mọ́ inverter tàbí UPS. Iná tí wọ́n ń jẹ kò tó nǹkan.

Ìdọ̀tí àti òógùn

Kò sí èyí tó fẹ́ràn ìdọ̀tí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n AB-QM ló kórìíra rẹ̀ jù. Ọ̀nà inú rẹ̀ tóóró, rọ́bà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè sún fàlàlà. Páìpù irin dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná jó pọ̀ kún fún ipẹ́ irin, iyanrìn àti àjákù thread tape. Nígbà tí omi bá wọlé, ìpẹtà dúdú á tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá tan pọ́ǹpù lórí ìdọ̀tí yìí, inú àwọn fáàfù ló máa dúró sí. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí ẹ fi páìpù kékeré so ẹnu ọ̀nà àti ìjáde fan coil pọ̀, kí omi má wọ inú fan coil àti fáàfù rẹ̀ rárá, kí ẹ sì fi omi tó ń sáré gidigidi fọ páìpù ńlá títí tí omi tó ń jáde yóò fi mọ́ gaara nínú ife. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ọ̀nà fan coil di ṣíṣí, kí ẹ fọ òun náà. BSRIA, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ inú ilé ní Britain, ní ìwé ìtọ́sọ́nà kan lórí èyí, BG 29. Ó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń gba iṣẹ́ chiller. Ẹ fi asẹ́ síwájú AB-QM kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọjú ọfà ara fáàfù sí ibi tí omi ń lọ. Bí ẹ bá fi i sódì, kò ní pín nǹkan kan.

Òógùn tó wà nínú àkọlé yìí kì í ṣe ti èèyàn. Omi 7°C nínú fáàfù idẹ, ní Èkó níbi tí afẹ́fẹ́ kún fún omi látòkè délẹ̀, á máa sun omi bí ìkòkò àmù. Omi náà á kán sórí àjà, àjà á dúdú, á sì já lulẹ̀. Ẹ ra STAD tó ní ihò ìwọ̀n gígùn kí fóòmù dúdú lè bo ara fáàfù láìbo ihò, kí ẹ lẹ ojú fóòmù pa dáadáa níbi tí ó ti pàdé ara rẹ̀. Fóòmù tó ní àlàfo bí ìka ọwọ́ kan kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Mọ́tò AB-QM ni kí ẹ kọjú sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbi tí omi lè kán wọ inú rẹ̀.

Fún àwọn tó wà nílùú òtútù

Àwọn tiwa tó wà ní London tàbí Manchester ní ìṣòro yìí kan náà ní òdìkejì: rédíétọ̀ tó sún mọ́ bọ́ílà ń jó èèyàn, ti yàrá ọmọ lókè kò ju lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Níbẹ̀ omi ń padà pẹ̀lú ìyàtọ̀ tó tó 20°C, nítorí náà rédíétọ̀ 1 kW kò fẹ́ ju lítà 43 ní wákàtí kan lọ. Bó bá jẹ́ heat pump (ẹ̀rọ oníná tó ń fa ooru láti ìta wọlé) tó ní ìyàtọ̀ 5°C ni, á di lítà 172, ìyẹn ìlọ́po 4, ìdí sì nìyẹn tí páìpù tóóró àtijọ́ fi máa ń fún un lọ́rùn. Ilé kékeré kò nílò STAD. Fáàfù tó wà ní ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ lódìkejì thermostat, tó ní ìdérí funfun, ti tó: ẹ tú ìdérí, ẹ fi sípánà pa á dé ìparí, ẹ ṣí i ní ìdá mẹ́rin ìyípo fún èyí tó sún mọ́ bọ́ílà jù, kí ẹ máa ṣí i sí i bí ẹ ṣe ń jìnnà. Ẹ de thermometer mọ́ ara páìpù méjèèjì kí ẹ lè rí ìyàtọ̀. Bọ́ílà tó ń gba ooru padà láti inú èéfín kì í ṣe iṣẹ́ náà dáadáa àyàfi bí omi tó ń padà bá wà lábẹ́ 55°C, nítorí náà omi tó ń sáré jù ń jẹ owó gáàsì yín gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń dá ara rẹ̀ pín bíi AB-QM, Eclipse ti IMI wà fún rédíétọ̀. Lítà 10 sí 150 ní wákàtí kan ló ń gbà, ìyẹn sì tó fún rédíétọ̀ ilé.

Bí a ó ṣe tò ó sílé chiller tuntun

AB-QM lẹ́nu fan coil àti AHU (ẹ̀rọ ńlá tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí ọ̀pọ̀ yàrá) kọ̀ọ̀kan, STAD kan ṣoṣo lórí páìpù ńlá àjà kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀n nìkan, ní ṣíṣí tán. Ẹ má fi STAD sẹ́yìn AB-QM lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti fi pa omi. Méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lójú ọ̀nà kan á kàn máa jẹ prẹ́ṣọ̀ pọ́ǹpù lásán. Bí páìpù àjà náà bá ju DN 50 lọ, STAF, ẹ̀gbọ́n STAD tó jẹ́ oníflánjì, ni kí ẹ lò dípò STAD. Ọwọ́ tiẹ̀ ń yí ìyípo 8 láti DN 65 dé DN 150, kì í ṣe 4.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ilé lé yín lọ́wọ́, ẹ bèèrè ìwé kan tó ní orúkọ yàrá, irú fáàfù, ìwọ̀n rẹ̀, lítà tó yẹ, lítà tí wọ́n wọ̀n, ìpín rẹ̀, àti ìyípo tàbí nọ́ńbà òrùka tí wọ́n fi í sí. Ẹ mú fáàfù mẹ́ta nínú ìwé náà láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, ẹ gun àkàbà, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí wọn. Bí kò bá bá ti ìwé mu, tàbí tí wọn ò ní ìwé rárá, ẹ má tíì san owó tó kù.